Ta Ló Ń Fi Ẹnu Mi Sọ̀rọ̀?

"Ta ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀?"

Ohun tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Wọn ò kí mi, wọn ò sì ní kí n jókòó. Wọ́n gbé fóònù mi sún mọ́ ojú bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀wà wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Nínú fóònù náà, àwọn fúnra wọn ló jókòó sórí àpótí ní àgbàlá yìí kan náà, igbá ẹ̀gúsí wà lórí itan wọn, ẹnu wọn ń lọ, ẹnu wọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde kì í ṣe tiwọn. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ohùn tó ń dán bí abọ́ tánganran, irú èyí tó máa ń sọ fún wa pé nọ́ńbà tí a pè kò sí lórí ìlà.

"Màmá, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ ta? Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí?"

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, fóònù mi ni mo na ọwọ́ gbà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi ni Màmá Àgbà. Ìyá mi ti lọ, àwọn ló kù tí mo lè pè ní ìyá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Owé ni wọ́n sì ń sọ, Owé ti Kabba gan-an, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Èmi ni mo ń yí ọ̀rọ̀ wọn sí ti ilé ìwé níhìn-ín kí ará Ìbàdàn náà lè rí nǹkan kà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Kí n tó sọ bí ẹnu wọn ṣe di ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti àwọn onífídíò ìtàn ṣe di ọ̀tá.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kabba. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò bá kàwé á kọ ìsọkúsọ tirẹ̀ sínú ìdánwò, ìsọkúsọ tó mọ níwọ̀n, tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín kó tó fi bíìrò pupa gé e. Nísinsìnyí, gbogbo kíláàsì ló ń kọ ìsọkúsọ kan náà, nítorí ibì kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ní sáà kan, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa kọ ọ́ fún mi pé apẹja ni àwọn baba ńlá wa, pé láti inú òkun ni wọ́n ti jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní ará Òkun.

Apẹja! Ní Kabba! Omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ nígbà èwe mi ni odò tí ìyá mi ń rẹ gbágùúdá sí. Bí ẹnikẹ́ni bá rí òkun lẹ́yìn òkè wa, kó ránṣẹ́ pè mí, màá gbé apẹ̀rẹ̀ wá kó edé. Olùkọ́ ìṣirò wa, ọmọ Igbaruku, ìlú mìíràn lágbègbè wa, yọjú láti ẹ̀yìn mi ka ìwé ọmọ náà, ó ní, "Ṣé òkun yẹn dé ọ̀dọ̀ wa? Kí n yáa lọ kan ọkọ̀ ojú omi."

Mo pe ọmọ náà, mo bi í níbi tó ti rí i.

"Sà, wọ́n ṣe é ní fídíò."

Wọ́n ṣe é ní fídíò. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo lọ wo fídíò náà. Ọkùnrin kan tó de fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, fèrè ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sin ín. Mo wo òmíràn, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan ní láti ara kaba tí àwọn obìnrin ń wọ̀ ni orúkọ Kabba ti wá. Ẹlòmíràn ní rárá o, láti Mẹ́kà ni, ó sì ya ọfà pupa láti aṣálẹ̀ títí dé ibùdókọ̀ wa. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí Amuro, ìlú kan lágbègbè wa, títí ó fi sú mi, òkè tó sì fi hàn wá, òjò dídì ló bo orí rẹ̀. Mo ti dé Amuro. Ooru ibẹ̀ ò jẹ́ kí n wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ okun tiwa kò ní ohun tó ṣòro nínú. Ìkíni wa ni, òun ni wọ́n fi ń pè wá. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti oko dé, okun. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, okun. Ẹni tó bímọ, okun. Tí o bá ju ohùn sísàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o ti bọ́ sínú omi iyọ̀ nìyẹn. Tí o bá jù ú sísàlẹ̀ ní ìparí rẹ̀, okùn tí a fi ń di igi ló kù sí ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo ṣe ìdánwò kan fún àwọn onífídíò, ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni wọ́n sọ nípa okun? Ẹni tó bá ti lè mẹ́nu ba omi, mo ti pa á dé. Mo pa wọ́n dé lọ bẹẹrẹ, dátà mi ń jó bí epo mọ́tò. Lábẹ́ fídíò tó bí mi nínú jù, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan síbẹ̀, mo kọ́ wọn ní okun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ìka mi ti gbóná, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i: mo ní àwọn àgbà Owé sọ pé ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́ ló yẹ kí èèyàn méjì kí ara wọn ní okun. Kò sí àgbà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Méje dùn lẹ́nu ni. Ẹ bá mi fi méje yẹn sọ́kàn.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó rí ìkànnì kan tó yege. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò de fìlà rárá, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Okun kì í ṣe omi," ó ní. "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti oko dé, okun." Mo gbé fóònù sún mọ́ etí. Ó ń bá a lọ, òfò dé ibẹ̀, ìbímọ dé ibẹ̀, ó sì wá fi kún un pé àwọn àgbà Owé ní ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́ ni.

Mo lu itan. Mo ní ọmọ yìí ti jókòó ti àgbà!

Ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ kú oríire. Èmi ò mọ̀. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo sì gbà pé ọlọ́gbọ́n lẹni náà.

Mo kọ̀wé sí i, mo yìn ín, mo ní tó bá wá sí Kabba, màá mú un lọ bá ẹni tó mọ okun ju èmi lọ. Ó wá lóòótọ́. Ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé wà léjìká rẹ̀ bí ìbọn. Ó pè mí ní Próòfù. Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbàgbé láti kọ̀.

Màmá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì wá kọjú sí mi. "Ṣé kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Màmá, èmi ni mo mú un wá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo mú un wá. Ìbéèrè tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá. Mo wà níbẹ̀."

Wọ́n gbà. Wọ́n ń fọ́ ẹ̀gúsí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní okun la fi ń jí, okun la fi ń sùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwọn wọ ilé ọkọ, ẹkún ni àwọn ń sun bọ̀ láti ilé bàbá àwọn, ṣùgbọ́n okun ni wọ́n fi mú àwọn wọlé. Gbogbo ilé ló dìde. Okun, okun, okun, títí wọ́n fi fún àwọn ní ìjókòó. Onífídíò ń mi orí. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Owé. Ó rọra bi mí pé, "Próòfù, kí ni Màmá sọ?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ó ránṣẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìdánwò kún orí tábìlì mi, àwọn apẹja ń dúró dè mí. Mo ní lọ́la.

Nígbà tí fídíò náà jáde, àkọlé rẹ̀ ní: ÀṢÍRÍ TÚ! ÌYÁ ARÚGBÓ JẸ́WỌ́: OKÙN NI WỌ́N FI FÀ MÍ WỌ ILÉ ỌKỌ. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin olóhùn tánganran náà ń fi ẹnu Màmá Àgbà sọ ọ́ pé okùn la fi ń jí, okùn la fi ń sùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ yà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, àwọn èèyàn tí wọ́n so pọ̀ bí ìdì igi, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí kì í ṣe tiwa. Fídíò náà ní ìdí tí wọ́n fi ń pè wá bẹ́ẹ̀ nìyẹn, pé ìran tí àwọn ológun Nupe fi okùn so ni wá. Ogun Nupe sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àwọn baba wa sá gun òkè lóòótọ́. Ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró nìyẹn, ó wọ aṣọ òótọ́ jáde.

Kì í ṣe pé Màmá Àgbà ló dédé rí i. Wọn ò ní fóònù tó ń fi fídíò hàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, Akọ̀wé kò dá wọn lóhùn mọ́.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá Àgbà wọlé, ọmọdé ni àbúrò ọkọ wọn yìí, kò tíì wọ ilé ìwé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé síléètì ni wọ́n sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì rò ó. Ó ṣe akọ̀wé ìjọba ní Kàdúná, ó ṣe é ní Ìlọrin, ó ṣe é ní Lọ́kọ́ja, ó fẹ̀yìn tì, ó sì gbé ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo bọ̀ wálé: ohun tó bá wà nínú fáìlì ló ṣẹlẹ̀. (Àgbà ni. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Nínú ìwé tèmi, "ó" tó o.) Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, òun ni olórí ilé báyìí. Iwájú fàráńdà rẹ̀ sì ni Màmá Àgbà gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó dé ìta. Láràárọ̀, wọ́n á ní, "Okun o." Á ní, "Okun." Kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n opó ni wọ́n, wọn ò bí ọkùnrin, okun kan ṣoṣo yẹn ló sì ń sọ fún wọn láràárọ̀ pé inú ilé ara wọn ni wọ́n ṣì wà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kí i tó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí ará ilé kan sọ fún wọn pé fídíò ló fà á, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n mú fóònù mi wá.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ náà gan-an.

"Bàbá, okun o."

Ó wo ọ̀nà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ fídíò yẹn ni mo—"

"Ìwọ lo mú wọn wá?"

"Èmi ni, sà, ṣùgbọ́n—"

"Jókòó. Rárá. Dúró. Dúró bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ó wọlé, ó gbé fáìlì jáde. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Abuja ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé wọn orí fóònù, ẹnì kan ti bi í níbẹ̀ pé ṣé ẹrú ni ìyá ńlá àwọn rà fún ọmọ rẹ̀ ni, ẹlòmíràn fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́fà tẹ̀lé e. Akọ̀wé kò bá wọn jà. Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú fídíò náà sílẹ̀, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọjà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un, ó fi í sínú fáìlì, ó sì fi okùn fáìlì dì í. Okùn yẹn gan-an ni mo ń wò.

"Kà á sókè."

Mo kà á.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí níbẹ̀ pé ìkíni ni?"

"Wọn ò kọ ọ́, sà. Wọ́n ṣì í túmọ̀ ni. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn Màmá fúnra wọn?"

"Mo rí ẹnu wọn tó ń mì. Tí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, kí ni ẹnu wọn ń ṣe? Ó ń jẹ obì?"

"Bàbá—"

"Ìyá mi! Ìyá tó pọn gbogbo ọmọ obìnrin yẹn! Òun ni ẹ sọ di aṣòwò ẹrú lójú ayé. Ìwọ tíṣà yìí, kí lo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ gan-an? Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí sìmẹ́ǹtì mi."

Mo gbé e kúrò. Ẹ̀yìn ògiri ilé náà ni mo ti pe onífídíò.

"Próòfù! Ẹ ti rí i? Ó ń rìn! Gbogbo ayé ló ń wò ó! Kò sí èyí tó tíì rìn báyìí rí!"

"Yọ ọ́ kúrò."

"Háà. Próòfù. Èyí tó ń rìn?"

"Màmá ò sọ pé okùn. Okun ni wọ́n sọ."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ẹni tí mo ní ó yege nìyẹn.

"O sọ ọ́ fúnra rẹ!" Mo ti ń pariwo. "Fídíò rẹ ti tẹ́lẹ̀! O ní ìkíni ni, o ní ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́!"

"Ẹn-ẹ́n, ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan ló kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ẹnì kan, mo kàn kà á jáde ni. Inú ń bí ọ̀gbẹ́ni náà gan-an. Ó kọ ọ́ gùn."

Òkúta kan wà níbẹ̀. Mo jókòó lé e.

"Ohùn Màmá gan-an ńkọ́? Èyí tí o ká lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ti nù ún, fóònù kún. Ẹ̀rọ ló túmọ̀ rẹ̀, Próòfù, èmi kọ́. Mo bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní lọ́la. Ẹ̀rọ ò sọ fún mi pé lọ́la."

Mo bú u. Owé ni mo fi bú u, kí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ túmọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo èébú náà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ èmi náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá Màmá Àgbà pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. "Màmá, a ó ṣe fídíò tiwa. Èmi fúnra mi ni màá ká a. Ẹ ó jókòó, ẹ ó ṣàlàyé—"

"Ta ni màá ṣàlàyé fún?"

"Gbogbo ayé, Màmá."

"Ṣé gbogbo ayé ló ń dákẹ́ sí mi láràárọ̀ ni? Ẹnì kan ni. Ó wà ní fàráńdà, ó ń run pákò." Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró. "Fóònù rẹ ló kó mi sí i. Kò ní yọ mí. Yà fún mi lọ́nà."

Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọn ò pè mí, wọn ò sì lé mi.

Wọ́n dúró níwájú fàráńdà. "Akọ̀wé, okun o."

Akọ̀wé tutọ́ pákò, ó wo ọ̀nà.

"Mo ní okun o."

"Ẹ lọ kí fídíò yín."

Màmá Àgbà kò mira. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé," ni wọ́n wí, "ta ló kọ́kọ́ kí mi? Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ọ. Mo ta gìrì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ilé yẹn, "ẹ" ni wọ́n ń pe ọmọ ọkọ wọn yìí, kódà bí wọ́n bá ń bínú sí i.

"Kí ìyá rẹ tó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, ìwọ lo sáré jáde. Ìhòòhò lo wà. Ikùn rẹ yọ gbẹ̀ǹdù, ikun kún imú rẹ. O dúró níwájú mi gbágbá, o fẹ́ sọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ, ahọ́n rẹ ò sì gbé e. Kí lo sọ?"

Pákò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Akọ̀wé.

"Kí lo sọ, Akọ̀wé? Àbí kò sí nínú fáìlì?"

Akọ̀wé tún wo ọ̀nà.

"O ní, 'Otun.' Otun o, ìyàwó! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún lọ pọn òmíràn. Èmi tí mo ti sunkún láti ilé bàbá mi, mo rẹ́rìn-ín. Okùn wo ni wọ́n fi fà mí? Otun rẹ ni wọ́n fi mú mi wọlé! Ó tó ọdún kan kó tó di okun lẹ́nu rẹ, ẹ̀yìn mi lo sì wà nígbà tó yí padà. O ka ìwé títí, o wá di adití. Lọ kọ èyí náà sílẹ̀."

Ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé kejì dá ọwọ́ dúró. Akọ̀wé yọ pákò lẹ́nu, ó wò ó, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́.

"Otun o, ìyàwó."

"Otun," ni Màmá Àgbà dáhùn, wọ́n sì bá tiwọn lọ sí ìta bí ẹni tó kàn ń kọjá.

Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Akọ̀wé rí i.

"Yọ fóònù yẹn," ó ní, "kí n fi fáìlì yìí fọ́ ọ mọ́ ọ lórí."

Mi ò yọ ọ́.

Fídíò náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì ń rìn. Mo kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, onífídíò pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, ó dínà mọ́ mi. Ìdánwò tí mo ń ṣe fún àwọn onífídíò ti yí padà. N kì í béèrè mọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa okun, nítorí ẹni tó bá jí ìdáhùn náà á yege. Mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa sọ pé "mi ò mọ̀", tí wọ́n á sì sọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ èyí tí wọ́n mọ̀. Mo ti rí ẹyọ kan. Obìnrin ni, kò sí fèrè lẹ́yìn rẹ̀, iná yàrá rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú fídíò kan tó ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Haúsá, ó sọ "mi ò mọ̀" lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kan, ó dákẹ́, ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ ní fídíò tó kọjá, ó sì sọ ẹni tó tọ́ òun sọ́nà. Àwọn tó ń wò ó kò lè kún kíláàsì mi. Mo fi hàn àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ apẹja wò ó parí, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Sà, ẹni yìí ò mọ nǹkan kan."

Ìjà ṣì pọ̀ níwájú.

Ó ku èmi àti Màmá Àgbà. Wọ́n ti rí okun wọn gbà padà, ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní tèmi. Mo kí wọn títí, wọ́n ń fọ́ ẹ̀gúsí. Níkẹyìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìtumọ̀ tí mo fi dọ́la, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ fídíò, títí kan méje.

"Ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́?" ni wọ́n wí. "Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí, Màmá. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Wọ́n fọ́ ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta. "Ó ti wà báyìí. Àgbà ni mí, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́, fún ìwọ nìkan. Má pè mí lórí fóònù o. Fi ẹsẹ̀ rẹ wá. Èyí tó bá ṣe ìkeje ni màá dá lóhùn."

Mo ń lọ kí ilé ìwé tó wọlé, mo ń lọ ní ìsinmi ráńpẹ́, mo ń lọ lẹ́yìn ìpàdé àwọn olùkọ́. Ọlọ́kadà àdúgbò ti ń bi mí bóyá mo ní aláìsàn níbẹ̀. Lánàá, mo ti ṣe ẹ̀ẹ̀mẹfà kí òjò tó dé. Mo fi ẹsẹ̀ rin ìkeje nínú òjò, omi ń ro lára mi, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn.

"Okun o, Màmá."

Wọn ò gbé ojú sókè. "Ìkelòó nìyẹn?"

"Ìkeje, Màmá."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?" ni Màmá Àgbà wí. Wọ́n mú ẹ̀gúsí mìíràn. "Lọ tún un kà."